Ohun tí awakọ̀ gbọ́ lẹ́nu iná tíráfíìkì: bí a ṣe ń fi símúlétọ̀ wá a rí

Ẹ bi awakọ̀ kan ní Gáréèjì Ọ̀fà pé kí ni iná yẹ́lò ń sọ. Kíá ni yóò dáhùn: "Ó ní ká múra, ká dúró." Ohun tó kọ́ nígbà tó fẹ́ gba láísẹ́ǹsì nìyẹn, kò sì gbàgbé. Ṣùgbọ́n tí iná bá yí sí yẹ́lò nígbà tó ku nǹkan bíi mítà 60 kó dé ìlà, tí ọkọ̀ kan sì ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹná dípò kó tẹ bíréèkì. Ìwé ìbéèrè kò lè mú ibi tí ẹnu àti ẹsẹ̀ ti yapa yìí. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì náà yóò rí ohun tí ọkọ̀ ṣe, kò ní mọ èrò tó wà lọ́kàn ẹni tó ń wà á. Símúlétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ènìyàn wakọ̀ níwájú sikíríìnì kọ̀ǹpútà bíi pé ojú títì ló wà, ló ń jẹ́ ká rí méjèèjì lára ẹnì kan ṣoṣo, láìsí pé ẹnikẹ́ni fara pa.

Àwọn tí ìlànà yìí wà fún ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀, àti àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ojú pópó ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ fi ohun èlò tí ọwọ́ lè tó ṣe irú ìwádìí yìí. Ohun kan ni kó wà lọ́kàn yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin: kí ẹ lè ya ẹni tí kò mọ ohun tí iná ń sọ kúrò lára ẹni tó mọ̀ ọ́n tó sì kọ̀ ọ́. Ti àkọ́kọ́, iná tó yéni tàbí ẹ̀kọ́ ló nílò. Ti èkejì, ẹ̀kọ́ kankan kò ní tún un ṣe. Ìwádìí tó bá da àwọn méjèèjì pọ̀ yóò mú kí wọ́n náwó síbi tí kò yẹ.

Ìbéèrè kan ni kí ẹ mú

Ẹ má kó gbogbo iná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àyíká wa, ìbéèrè tó tó ṣèwádìí kò wọ́n: Ṣé nọ́ńbà tó ń kà sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ń mú awakọ̀ dẹ ẹsẹ̀ ni, àbí ó ń mú un sáré kó lè kọjá kó tó di òdo? Kí ni awakọ̀ rò pé ó kàn nígbà tí iná bá kú pátápátá nítorí pé kò sí iná ọba? Tí wọ́dà bá na ọwọ́ pé kó máa bọ̀, tí iná sì pupa, ta ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Àti ti awakọ̀ tó ń gbé èrò láti Àjàṣẹ́-Ìpo tàbí Òmù-Àrán wọ Ìlọrin: iná tó ń rí lóòjọ́ kéré sí ti ẹni tó ń ná Tanke sí Challenge, ṣé ìyẹn hàn nínú bó ṣe ń ka iná? Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àpẹẹrẹ tó dára jù lọ wá láti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, iná aláwọ̀ ewé róbótó máa ń gba awakọ̀ láyè láti yà sósì, bí ó bá ti lè dúró de àwọn tó ń bọ̀ níwájú. Àwọn kan a máa rò pé iná náà ti fún àwọn lọ́nà ní tiwọn pátápátá. Àwọn olùwádìí fi símúlétọ̀ ní Massachusetts àti Texas fi ọfà yẹ́lò tó ń ṣẹ́jú wé iná róbótó yẹn. Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìròyìn 493 ti NCHRP, ètò ìwádìí ojú pópó kan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2003. Nígbà tó di 2009, ọfà tó ń ṣẹ́jú náà wọ MUTCD, ìwé ìlànà àmì ojú pópó wọn. Ọwọ́ ọ̀tún ni àwa náà ń gbà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, nítorí náà yíyà sósì ló ń gé iwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa náà, ẹ sì lè lo ètò wọn láìyí i padà.

Ohun èlò

Kọ̀ǹpútà tó ní káàdì àwòrán tó lágbára, tó lè gbé férémù (àwòrán) 60 ní sẹ́kọ́ǹdù kan láìjá. Sítíárín àti ẹsẹ̀ mẹ́ta bíi Logitech G29 tàbí G920. Sikíríìnì mẹ́ta oní-íǹṣì 27. Àga mọ́tò tó ti gbó láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú ọkọ̀ dára ju àga ọ́fíìsì lọ, nítorí pé àga tó ní táyà máa ń sá sẹ́yìn bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì. Ẹ fi bóòtù de ẹsẹ̀ sítíárín mọ́ pátákó tó nípọn. Lórí táìsì, kò ní dúró. Rọ́bà tó wà nínú bíréèkì G29 le, ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló sì máa rò pé bíréèkì náà kò mú. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́ dé ibi tó máa ń tẹ̀ ẹ́ dé nígbà tó bá fẹ́ dúró kíákíá, kí ẹ wá sọ ibẹ̀ di 100 nínú sọ́fúwìà.

Ní ti sọ́fúwìà, CARLA kò gba owó. Ẹ lè fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, pàṣẹ fún iná kọ̀ọ̀kan pé kó yí nígbà tí ẹ bá fẹ́. Àwòrán iná tó bá a wá kì í ṣe ti wa, nítorí náà ẹ lọ ya fọ́tò iná tó wà lójú ọ̀nà gan-an, pẹ̀lú òpó rẹ̀ àti bó ṣe ga tó, kí ẹ fi Blender, sọ́fúwìà tí a fi ń ya àwòrán, kọ́ ọ. Ẹ wo ètò àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú: ṣé láti pupa ló ti ń bọ́ sí àwọ̀ ewé tààrà, àbí pupa àti yẹ́lò kọ́kọ́ ń tàn pọ̀? Bí tiyín bá yàtọ̀ sí ti títì, ìdàrúdàpọ̀ tí ẹ fúnra yín dá sílẹ̀ lẹ ó máa wọ̀n.

UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná ọba bá lọ, kò ṣe é fi sílẹ̀. Bí iná ọba bá ṣẹ́jú láàárín ìrìn kan, tí sikíríìnì kan kú fún sẹ́kọ́ǹdù méjì péré, ìrìn yẹn ti bàjẹ́. Ẹ má tún un lò, kí ẹ má sì ní kí awakọ̀ padà sí oríta kan náà, nítorí ó ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Bí iná ṣe tóbi tó lójú sikíríìnì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

Gíláàsì iná tíráfíìkì ńlá fẹ̀ tó mílímítà 300. Ní mítà 100, ìwọ̀n rẹ̀ lójú jẹ́ nǹkan bíi dígírì 0.17. Sikíríìnì oní-íǹṣì 27 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Bí ojú awakọ̀ bá jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 80, sikíríìnì náà gba dígírì 41. Píksẹ́lì, ìyẹn àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán, 1920 ló wà níbùú rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: iná yẹn yóò gba píksẹ́lì bíi 8 péré. Píksẹ́lì 8 tó láti fi àwọ̀ hàn, kò tó láti ya ọfà tó ṣeé kà. Ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́ yóò dá ọfà mọ̀ ní mítà 100 lójú títì, ṣùgbọ́n nínú símúlétọ̀ yín kò ní rí i títí yóò fi sún mọ́ mítà 50 tàbí kéré sí i. Bí ẹ kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ ó kọ ọ́ sínú ìwé pé "ọfà kò yé awakọ̀", nígbà tó jẹ́ pé kò rí i ni.

Ohun mẹ́ta ló ń tún un ṣe. Èkínní, ẹ jẹ́ kí ìgun ìwòran kámẹ́rà inú sọ́fúwìà bá ti sikíríìnì mu: dígírì 41 fún sikíríìnì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ ní dígírì 90 lórí sikíríìnì kan, iná píksẹ́lì 8 yẹn yóò di píksẹ́lì 3, eré ọkọ̀ náà yóò sì dà bíi pé ó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Èkejì, bí ọfà tàbí nọ́ńbà lẹ ń dán wò, ẹ sọ gíláàsì náà di ìlọ́po méjì nígbà tí ọkọ̀ ṣì jìnnà, kó máa dín kù díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ ọn, kó sì padà sí ìwọ̀n gidi ní mítà 40. Ẹ kọ ọ́ sínú ìròyìn yín pé ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ pa ìtànṣán àfikún tí sọ́fúwìà ń fi sára ohun tó bá ń tàn, èyí tí wọ́n ń pè ní bloom. Ó ń mú àwòrán rẹwà, ṣùgbọ́n ó ń yí ọfà di bọ́ọ̀lù.

Ẹ tún pa ètò tó ń mú ojú kọ̀ǹpútà pọ́n lálẹ́, torí yẹ́lò á fẹ́ jọ pupa. Bí iná tó ń ṣẹ́jú lẹ ń lò, kó máa ṣẹ́jú ní ìgbà 50 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìgbà 60, férémù 30 ló ń tàn, 30 ló ń kú. Bí kọ̀ǹpútà bá ń já sí 40, ìṣẹ́jú rẹ̀ yóò di ségesège, awakọ̀ á sì rò pé iná bàjẹ́ ni.

Oríta, àti ìgbà tí iná ń yí

Ká mú yẹ́lò ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má so ìyípadà iná mọ́ mítà, nítorí pé eré awakọ̀ kan kì í ṣe ti èkejì. Àkókò tó kù kó dé ìlà ni kí ẹ so ó mọ́: sẹ́kọ́ǹdù 2, 3, 4 àti 5. Kọ̀ǹpútà yóò máa fi eré rẹ̀ pín ìjìnnà tó kù. Bó bá ti kan iye tí ẹ fẹ́, iná yí. Ní kìlómítà 50 ní wákàtí kan, ìyẹn mítà 13.9 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, sẹ́kọ́ǹdù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn bọ́ sí mítà 28, 42, 56 àti 69.

Iye àkókò tí yẹ́lò ń gbà kò gbọdọ̀ jẹ́ àfọwọ́rọ́. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò ni sẹ́kọ́ǹdù 1 fún ọpọlọ láti fèsì, kí a wá fi kún un eré ọkọ̀ tí a pín sí ìlọ́po méjì agbára bíréèkì, tí a máa ń kà sí bíi mítà 3 ní sẹ́kọ́ǹdù kan lórí sẹ́kọ́ǹdù kan. Fún kìlómítà 50, ó jẹ́ nǹkan bíi sẹ́kọ́ǹdù 3.3. Ẹ fi fóònù ya fídíò iná gidi fún yíyí mẹ́wàá, kí ẹ ka férémù. Bí ti títì bá kéré sí ìyẹn, ìwádìí mìíràn ti délẹ̀ fún yín.

Láti inú ìṣirò kan náà, ọkọ̀ nílò bíi mítà 46 kó tó lè dúró jẹ́jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó kọjá ní sẹ́kọ́ǹdù 3 kò ṣẹ̀: mítà 42 ló kù fún un, kò lè dúró láìfi èrò rẹ̀ gbá iwájú, yóò sì kọjá kí iná tó pupa. Ẹ má kọ ọ́ sí àìgbọ́ràn láéláé. Sẹ́kọ́ǹdù 5 ni ojúlówó ìdánwò. Mítà 69 ló ní, ó sì lè dúró pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Tó bá tẹ̀síwájú ní eré yẹn, iná á ti pupa fún ju sẹ́kọ́ǹdù kan àtààbọ̀ lọ kó tó dé ìlà. Ohun tó bá ṣe níbẹ̀ lẹ fẹ́ mọ̀.

Oríta 24 tó fún ẹnì kan. Nínú wọn, 8 péré ni ti ìdánwò, ìyẹn àkókò mẹ́rin náà lẹ́ẹ̀mejì-méjì. Nínú 16 tó kù, kí àwọn kan ní iná aláwọ̀ ewé tí kò yí, kí àwọn kan ti pupa tẹ́lẹ̀, kí òmíràn má ní iná rárá. Bí gbogbo oríta bá ń yí sí yẹ́lò, ní ìkẹta awakọ̀ á ti gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì kó tó débẹ̀. Ẹ pín in sí ìrìn mẹ́ta, oríta mẹ́jọ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú mítà 500 láàárín wọn; ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹ yí ètò ìrìn padà láti ẹnì kan sí èkejì, kí ó má jẹ́ pé ìrìn kan náà ló ń gbẹ̀yìn nígbà gbogbo, nígbà tó ti rẹ̀ wọ́n.

Fún yíyà sósì, àlàfo láàárín ọkọ̀ tó ń bọ̀ ni kí ẹ ṣètò: ọ̀pọ̀ ní sẹ́kọ́ǹdù 3, tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ̀, kí ẹ wá fi ti sẹ́kọ́ǹdù 7 há a láàárín. Ẹni tó wọ àlàfo 3 láì dẹ eré rárá, tó sì ń wo iwájú gbọnrangandan, ó ṣeé ṣe kó rò pé ọ̀nà jẹ́ tòun.

Awakọ̀

Awakọ̀ takisí, ti bọ́ọ̀sì, àti ẹni tó ń wa ọkọ̀ ara rẹ̀ lè jókòó sídìí sítíárín. Ti oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá yàtọ̀, kò sì yẹ ká fojú kéré rẹ̀ nígbà tí wọ́n pọ̀ tó báyìí nílùú. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹná kẹ̀kẹ́, ọwọ́ òsì ni kílọ́ọ̀ṣì àti jíà, ẹsẹ̀ ló wà fún bíréèkì. Tí ẹ bá gbé wọn sídìí sítíárín, àkókò tí wọ́n fi tẹ bíréèkì kò ṣeé fi wé ti àwọn yòókù. Ohun tí wọ́n yàn nìkan, bóyá wọ́n dúró tàbí wọ́n kọjá, ni kí ẹ kà, tàbí kí ẹ wá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kan kí ẹ so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ lọ bá alága gáréèjì kí ẹ tó bá awakọ̀ kankan sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó yé wọn pé ẹ kì í ṣe Road Safety tàbí VIO, ẹ kò sì fẹ́ rí láísẹ́ǹsì ẹnikẹ́ni. Owó tí ẹ ó fún wọn gbọ́dọ̀ tó iye tí wọn ì bá pa ní wákàtí náà, kí ẹ sì san án ṣáájú. Bí ẹ bá dúró dẹ̀yìn, wọn á rò pé ẹni tó bá wakọ̀ dáadáa ló máa gba owó, wọn á sì máa ṣe ohun tí ẹ fẹ́ rí. Ẹ ka ìwé ìfọwọ́sí sí wọn létí ní Yorùbá, kí ẹni tí kò kọ́ ìwé tẹ ìka. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàyẹ̀wò ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ yín gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i ṣáájú. Ẹ fi ìwé Ishihara yẹ ojú wọn wò fún àwọ̀. Ẹni tí kò lè ya pupa sí àwọ̀ ewé, ẹ má lé e lọ. Ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, nítorí pé ipò iná ló ń kà, òun náà sì ń wakọ̀ lójú títì.

Ẹ má fi ìdánwò sí ọ̀sán Jímọ̀. Nínú oṣù Rámádàn, ẹ ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀ tàbí ẹ dúró kó parí: awakọ̀ tó ń gbààwẹ̀ kò lè mu omi bí òòyì bá kọ́ ọ, ebi àti òǹgbẹ sì máa ń yí ìṣesí padà.

Lọ́jọ́ náà

Òòyì àti èébì ni ọ̀tá símúlétọ̀. Ojú rí i pé ọkọ̀ ń yà, etí inú ní ara kò kúrò lójú kan. Ìyà kọ́nà ló ń fà á jù, nítorí náà ìwádìí yíyà sósì le ju ti yẹ́lò lọ. Ẹ jẹ́ kí yàrá tutù, kí fáànù máa fẹ́ sí i lójú, kí ìrìn má kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó sì sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín. Ìwé ìbéèrè SSQ ti 1993, tó ń wọn àìsàn tí símúlétọ̀ ń fà, ní àmì 16, bíi orí fífọ́, òógùn, inú rírú, ojú ríro. Òdo sí 3 ni máàkì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi í kó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún bi í lẹ́yìn rẹ̀, nítorí ẹni tí orí ń fọ́ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ti símúlétọ̀. Bí ó bá ti ní "inú mi fẹ́ máa rú", ẹ dá a dúró, kó jókòó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó tún gun mọ́tò tàbí ọ̀kadà.

Kí ó kọ́kọ́ wakọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lójú ọ̀nà tí kò ní iná, títí yóò fi lè dúró sórí ìlà lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìkọjá mítà méjì. Ẹ sọ fún un pé kó wakọ̀ bó ṣe máa ń wà á. Ẹ má dárúkọ iná. Kámẹ́rà kékeré kan kó máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ń kọ bí bíréèkì ṣe wọlé tó, ṣùgbọ́n kò lè rí ẹsẹ̀ tó gbéra kúrò níbi tí a ti ń tẹná, tó rábàbà lórí bíréèkì, tó sì padà. Ẹsẹ̀ tó rábàbà ti gbọ́ ohun tí iná sọ.

Ìbéèrè lẹ́yìn ìrìn

Ẹ má bèèrè nígbà tó ṣì ń wakọ̀. Lẹ́yìn ìrìn kẹta, ẹ gbé fídíò rẹ̀ padà, ẹ dá a dúró ní férémù tí iná yí, kí ẹ wá bi í pé: "Bàbá, kí ni iná yìí ń sọ fún yín níbí?" Ẹ dákẹ́. Lẹ́yìn èsì rẹ̀: "Kí lẹ rò pé àwọn tó ń bọ̀ níwájú yín ń rí lákòókò yìí?" Ìbéèrè kejì yìí níye lórí gan-an, nítorí ẹni tó rò pé àwọn tó ń bọ̀ níwájú náà ti rí pupa kò tíì lóye iná rẹ̀. Ẹ má ṣe bi pé "ṣé ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ẹ dúró?" Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ẹ̀tọ́ á ní "bẹ́ẹ̀ ni". Ẹ má sì fún un ní A, B, C. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ gbà sílẹ̀, kí ènìyàn méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹnì kankan nínú wọn kò mọ ohun tí ọkọ̀ náà ṣe.

Àṣìṣe ọ̀nà méjì ló wà. Ẹni tó dúró nígbà tó lè lọ ṣe àṣìṣe aláìléwu. Ẹni tó lọ nígbà tó yẹ kó dúró ṣe eléwu. Ẹ má ṣe pa wọ́n pọ̀ sínú ìdá ọgọ́rùn-ún kan, nítorí pé iná tó ń ṣi mẹ́wàá lọ́nà tí gbogbo wọn sì dúró sàn ju èyí tó ṣi mẹ́ta lọ́nà tí gbogbo wọn sì wọ iwájú tirélà.

Nígbà tí ẹ bá ń ka èsì, ẹ gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sí apá kan, ìṣe sí apá kejì. Ẹni tó sọ ọ́ dáadáa tó sì dúró, kò sí ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ dáadáa tó sì kọjá ní sẹ́kọ́ǹdù 5, ìpinnu ló ṣe. Ẹ wo bóyá ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ dànù tó sì kọjá, òun gan-an ni iná kò yé. Ẹni tó sọ ọ́ dànù tó sì dúró rọrùn láti gbójú fò, bẹ́ẹ̀ sì rèé oríire lásán ló gbà á. Ẹnì kan náà ló wakọ̀ kọjá oríta mẹ́jọ, nítorí náà ẹ má kà á bí ènìyàn mẹ́jọ: lme4, irinṣẹ́ kan nínú sọ́fúwìà ìṣirò R, lè gbé awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú ìṣirò.

Kí ẹ tó gbé èsì lọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ dúró sí oríta kan tí iná rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ ka iye ọkọ̀ tó kọjá lẹ́yìn tí iná pupa. Iye náà kò ní bá ti símúlétọ̀ dọ́gba, kò sì yẹ kó dọ́gba, nítorí pé kò sí ikú nínú símúlétọ̀. Ohun tó yẹ kó bára mu ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ: bí iná A bá fa àṣìṣe ju B lọ níbẹ̀, kó rí bẹ́ẹ̀ lójú títì náà. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ wo ìwọ̀n iná lójú sikíríìnì kí ẹ tó fi kan awakọ̀.